Férémù Tí Mo Pè Ní Ti Faransé

"Ṣé o wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì?"

Bàbá ò tíì bọ́ bàtà tó fi bi mí. Ibi òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ló ti ń bọ̀, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká, eruku ọ̀nà sì ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di àwọ̀ èlùbọ́. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú gíríìsì dé ìgbọ̀nwọ́, inú mi ń dùn bíi ti ẹni tó gba ipò kìíní ní kíláàsì. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Irọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo wò. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí ti mọ̀ ọ́n láti ìsinsìnyí, kó má di pé mò ń yin Bàbá lọ rẹrẹẹrẹ, kí n wá fi tèmi pamọ́ sábẹ́ ìyìn. Àṣìṣe tí mo ṣe lórí férémù yẹn, ọmọdé lè ṣe é. Ṣùgbọ́n "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn, mo mọ ohun tí mò ń sọ nígbà tí mo sọ ọ́.

Bàbá kì í ṣe bàbá tó bí mi. Ó ń tún báísíkù ṣe lábẹ́ igi fúrúùtù kan ní Ajah, ní ọ̀nà tó já sí etí ọ̀sà. Ìyá mi ń fọṣọ fún àwọn ará ẹ̀sítéètì VGC nígbà yẹn, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tó fi ń jáde, alẹ́ ló ń wọlé. Ó ti bẹ Bàbá pé kó bá òun máa wò mí tí mo bá ti iléèwé dé. Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé kì í jí nǹkan?" Ìyá mi ní, "Kì í jí nǹkan, Bàbá, àfi ẹran inú ìkòkò." Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ò ní ìkòkò níbí. Kó máa bọ̀."

Ìró sípókù ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó dé ibẹ̀. Sípókù kan wà lọ́wọ́ Bàbá, irin tín-ín-rín inú wíìlì báísíkù tó ti dán láti ọjọ́ pípẹ́, òun ló fi ń lu ara férémù bí dókítà ṣe ń lu àyà aláìsàn. Á lù ú díẹ̀, á gbé etí sí i, á tún lu ibòmíràn. Férémù kan á dún kó, bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn. Òmíràn á dún rín-ín, ìró náà á sì pẹ́ kó tó kú. Òórùn ibẹ̀ kò jọ ti ibòmíràn: sọlúṣọ̀n tá a fi ń lẹ túùbù, kẹrosíìnì nínú agolo mílíìkì tí wọ́n gé lórí, èso fúrúùtù tó já bọ́ tó ń rà lórí yanrìn. Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ ọ̀sà á fẹ́ wọlé, á sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ òórùn ẹja. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn sọlúṣọ̀n, ẹnu mi á ṣe bí ẹni tó fẹ́ wí pé "ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà."

Àwọn mẹ́gáàdì ló ń gbé báísíkù wá jù, àtàwọn káfíńtà tó ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ilé. Láàárọ̀ Sátidé, àwọn ọlọ́lá inú ẹ̀sítéètì á sáré kọjá lórí títì ńlá nínú aṣọ tó lẹ̀ mọ́ wọn lára, pẹ̀lú akoto lórí. Bàbá á dá iṣẹ́ dúró, á máa wo wọn lọ títí wọ́n á fi pòórá. Àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró gba èrò lójú ọ̀nà á máa fi í ṣe ẹlẹ́yà.

"Bàbá, ẹ lọ bá wọn ná! Ṣebí ẹ̀yin náà ti sáré rí!"

"Tí mo bá gun tèmi bọ́ síta báyìí," Bàbá á dá wọn lóhùn, "ẹ ó kàn máa gbọ́ ìró mi ni. Ẹ ò ní rí mi."

Lóòótọ́ ló ti sáré rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní Èkó. Nígbà èwe rẹ̀, ó tẹ̀ lé àbúrò ìyá rẹ̀ kan lọ sí Àjàṣẹ́ nítòsí Kùtọnú, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ní ọjọ́ ọdún ni wọ́n máa ń sáré báísíkù níbẹ̀, wọ́n á gbálẹ̀ títì, àwọn ìyàwó ilé á wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má bàa sọ. Báísíkù tí Òyìnbó Faransé kó wá síbẹ̀ fún eré sísá fúyẹ́, ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé e. Bàbá kì í sọ pé báísíkù tẹ́ òun lọ́rùn àfi tó bá jẹ́ irú wọn. Ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo ló sì kù lẹ́nu rẹ̀. Tí ọwọ́ mi bá ń yá jù lórí iṣẹ́, á ní, "Dúsìmáà." Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Bó ṣe mọ ti Faransé yàtọ̀ sí ti ìlú Ọba ni mo fẹ́ràn jù láti máa wò. Nígbà yẹn, tòkunbọ̀ ń ti Kùtọnú wọlé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ti kùn lọ́dà kó lè jọ tuntun. Bàbá kì í wo ọ̀dà rárá. Kì í ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ó ní, "Aṣọ nìyẹn. Ta ló ń fi aṣọ mọ ọmọ?" Á fi sípókù lù ú, nítorí ti Faransé ló máa ń dún rín-ín. Á fi èékánná tọ oríkèé rẹ̀, ibi tí irin ti so mọ́ irin, nítorí ó ní àwọn ará Faransé máa ń gé etí oríkèé wọn ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ, wọ́n á sì ha á pẹlẹbẹ títí ọwọ́ ò fi ní mọ ibi tó parí sí. Ṣùgbọ́n ìdí férémù ló fi ń parí ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Níbi tí apá pẹ́dàlì ti ń yí nísàlẹ̀ férémù, irin méjì wà tí wọ́n lọ́ mọ́ ọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kọ́ọ̀bù là ń pè wọ́n. Ti ìlú Ọba, kọ́ọ̀bù tó wà lápá ṣéènì lòdì: ọ̀tún lo máa yí i sí kó tó tú. Èyí tó wà lápá kejì kò lòdì, òsì lo máa yí i sí, bíi gbogbo nọ́ọ̀tì ayé. Ti Faransé àtijọ́, kò sí èyí tó lòdì nínú méjèèjì. Òsì ni àwọn méjèèjì fi ń tú. Bàbá ní, "Òyìnbó Faransé àti Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò gbọ́ra wọn yé dórí nọ́ọ̀tì." Ẹ wá wò ó: tó bá jẹ́ apá kejì yẹn nìkan lo tú, o ò mọ nǹkan kan, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti jọra. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi máa ń tú ìhà méjèèjì, kódà kó ti dá a lójú. Bó bá ti fẹ́ bọ́ sí ìhà kejì, á wí i pẹ̀lú ohùn kan náà tí ó fi ń wí i lójoojúmọ́: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà."

Èmi náà á sì gbè é lẹ́nu rẹ̀, bí orin.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì tí Bàbá ti lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀gá onítòkunbọ̀ tó wà níwájú wa díẹ̀ gbé férémù méjì wá, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Obìnrin kan tẹ̀ lé e. Téèpù aránṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó dà bí ẹni tó dìde lórí ẹ̀rọ láìmúra. Àǹtí ni mo pè é lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí náà ni mo ṣì ń pè é. Awoyaya ló ti wá.

Bàbá Àǹtí yìí ti gbé Àjàṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń sáré níbẹ̀. Nígbà tó kú, kí òun àti ìyá rẹ̀ tó dé ilé náà, àwọn mọ̀lẹ́bí ti ta gbogbo ẹrù fún oníṣòwò. Àǹtí ti ń wá báísíkù bàbá rẹ̀ kiri láti ìgbà náà, nítorí ìyá rẹ̀ ò béèrè ohun mìíràn nínú ogún. Ẹnu ló fi béèrè dé Ajah.

"Èmi ni mo ra ẹrù ilé yẹn, mi ò sẹ́," ọ̀gá onítòkunbọ̀ wí. "Ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni. Ṣùgbọ́n èwo? Àǹtí, tẹ́ ẹ bá dá mi dùbúlẹ̀, mi ò mọ̀. Àwọn ọmọ mi ti kun méjèèjì ní dúdú."

"Bàbá mi kì í gun ti Gẹ̀ẹ́sì," Àǹtí wí. "Wọ́n ní àwọn tó ń ru iṣu ló ń gun ìyẹn. Ti Faransé ni tiwọn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká wá bá Bàbá. Ọ̀kan pére ni mo lè fún yín, mo ti gbowó lọ́wọ́ wẹ́dà tó fẹ́ gé èkejì fi jórin." Ó yíjú sí mi. "Ọ̀gá ẹ dà?"

"Wọ́n lọ sí Ẹ̀pẹ́, sà. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀."

Àǹtí mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kò burú. Màá padà wá lọ́la. Ohun tí mo ti wá láti ọjọ́ yìí, ọ̀la ò jìnnà."

Ẹ gbọ́ o: ó ní òun máa padà wá. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Èmi ni mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, mà. Mo lè yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀gá onítòkunbọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ẹnjiníà! Imú ẹ ò tíì gbẹ!"

Àwọn ọlọ́kadà gbọ́, wọ́n dá sí i. "Ẹ fi sílẹ̀ fún un jàre! Ọmọ Bàbá ni! Ó mọ̀ ọ́n!"

Òpó igi kan wà tí Bàbá máa ń gbé férémù kọ́, ojú rẹ̀ á wà lókè bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gùn ún. Òpó náà ga jù fún mi. Mo wá dojú férémù kìíní dé sórí táyà ògbólógbòó kan, ìdí rẹ̀ wá wà lókè, ó rọrùn fún mi. Mo mú sípókù, mo lù ú. Ó dún rín-ín létí mi. Bóyá kó ni, mi ò lè búra. Mo bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, mo fi sípánà sí kọ́ọ̀bù apá ọ̀tún, mo yí i sósì. Ó tú wẹ́rẹ́.

"Ti Faransé nìyí!"

Ariwo ta. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnìkan fún mi ní píọ́ wọ́tà, ó ní kí ẹnjiníà fi tu ọ̀fun. Mi ò fọwọ́ kan ìhà kejì. Mi ò sì fọwọ́ kan férémù kejì rárá, ó fara ti igi fúrúùtù níbẹ̀. Ìdí tí n óò fi kàn án kò sí mọ́, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ tán.

Àǹtí ò bá wọn pariwo. Ó kàn gbé férémù náà mọ́ àyà, gíríìsì ra aṣọ rẹ̀, kò bìkítà. Mo gbọ́ tó ń wí jẹ́jẹ́ pé, "Dádì, ẹ káàbọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni Bàbá dé, tí mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, tó bi mí ní ìbéèrè yẹn, tí mo dá a lóhùn. Ó fọwọ́ gbá mi lórí pẹ̀lẹ́, ó ní, "O ṣeun." Bàbá kì í yin èèyàn. Mo sùn lórí ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni sùn lórí tìmùtìmù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mò ń lọ síléèwé nígbà tí ọmọṣẹ́ wẹ́dà gbé férémù kejì kọjá léjìká. Ó ń súfèé. Mo dúró lẹ́bàá gọ́tà, mò ń wò ó. Nǹkan kan sọ fún mi pé kí n sáré lọ sọ fún Bàbá pé ẹ̀gbẹ́ kan ni mo wò, kó dá ọmọ yẹn dúró, kó fi sípánà kàn án. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n "o ṣeun" yẹn ṣì wà lórí mi, mi ò fẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Mo bá tèmi lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Àǹtí tó ránṣẹ́ pe Bàbá pé kó wá bá òun to báísíkù náà, òun ti ra táyà, ṣéènì àti pẹ́dàlì sí i. Bàbá ní kí n gbé àpótí irinṣẹ́. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Awoyaya. Ojúlé kan nínú ilé oníyàrá púpọ̀ ni wọ́n ń gbé, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà, yúnífọ́ọ̀mù iléèwé tí wọn ò tíì rán tán kún ilẹ̀. Férémù náà wà nínú yàrá, ara ògiri, wọ́n ta aṣọ funfun bò ó. Màmá Àǹtí jókòó tì í lórí ẹní. Ojú Màmá ti ń bàjẹ́, òjìji lásán ló kù tó ń rí.

"Ta lẹ mú wá yẹn?"

"Ọmọ tó mọ̀ ọ́n ni, Màmá," Àǹtí wí.

Màmá na ọwọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ pa mí lójú, ó fà mí létí. "Ìwọ lo bá mi rí ọkọ mi? Ìwọ pípínnísín yìí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Nígbà ayé ẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Á ní ọwọ́ mi kún fún epo. Mo ní, epo tí mo fi se ọbẹ̀ tó ò ń jẹ ńkọ́? Ó dé báyìí, mò ń fọwọ́ pa á láàárọ̀, mò ń fọwọ́ pa á lálẹ́. Kó wá lé mi, tó bá tó bẹ́ẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ́rìn-ín jù.

Wọ́n gbé férémù náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá ní kí wọ́n gbé òun náà jáde, òun fẹ́ gbọ́ ìró iṣẹ́. Bàbá gbé férémù náà sí ìdúró, ojú sókè, ó ní kí n dì í mú. Ó fọwọ́ tọ oríkèé rẹ̀ lọ, ó dúró níbì kan, ó tún padà. Ó fi sípánà sí kọ́ọ̀bù apá ṣéènì, ó yí i sósì. Kò mira. Ó rọ kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, ó dúró, ó tún yí i sósì. Ńṣe ló tún le sí i. Bàbá gbójú sókè, ó wo ojú mi. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọ̀nà tó jìn. Ó wá yí sípánà náà sọ́tùn-ún.

Ó tú.

Ti ìlú Ọba ni. Ti àwọn tó ń ru iṣu.

"Bàbá," Màmá wí láti orí ẹní, "ẹ̀yin náà gbé Àjàṣẹ́ rí. Ṣé ẹ rí iṣẹ́ àwọn Faransé? Ṣé ẹ rí bó ṣe rí?"

Mi ò gbọ́ kí Bàbá parọ́ nípa irin rí. Kì í bá mẹ́gáàdì parọ́, kì í bá ọlọ́lá parọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà, ó nu ún pẹ́. Ó ní, "Màmá, báísíkù tí wọ́n fẹ́ràn tó báyìí, mi ò rí i rí."

Inú Màmá dùn dé gongo. Bàbá to báísíkù náà tán láìkánjú, ó fọwọ́ yí pẹ́dàlì rẹ̀ kí Màmá lè gbọ́ ìró ṣéènì. Nígbà tí a fẹ́ lọ, Àǹtí di ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ méjì tó fi àjákù yúnífọ́ọ̀mù rán fún mi sínú ọ̀rá. Mo gbà á. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Ajah, Bàbá gbé àpótí lọ́wọ́ mi sílẹ̀, ó ní, "Sọ ọ́."

"Mo yí i sósì, ó tú, sà."

"Ẹ̀gbẹ́ wo?"

"Ọ̀tún, sà. Apá ṣéènì."

"Báwo lo ṣe gbé e?"

"Mo dojú ẹ̀ dé, sà. Òpó ga jù."

Bàbá ní, "Tó o bá dojú ẹ̀ dé, tó o dúró sẹ́yìn ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ẹ ti di òsì báísíkù. Jókòó lé e lórí nínú ọkàn ẹ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹni tó ń gùn ún ni ṣéènì ń bá lọ, kódà kí báísíkù fò lójú ọ̀run." Ó jókòó sórí àpótí náà. "Ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Èmi náà ti ṣe é rí. Kí ni mo bi ọ́ nígbà tí mo dé láti Ẹ̀pẹ́?"

Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Ó jẹ́ kí n sun ún tó. Ó wá ní, "Gbé àpótí. Ká lọ bá wẹ́dà."

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà. Bàbá ò kí ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná kan ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà. Ó dún rín-ín. Irin bàbá Àǹtí ti di ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì.

"Bàbá, ṣé kò sí?" wẹ́dà béèrè. "Irin yẹn ò lágbára o, ó fẹ́lẹ́ jù. Díẹ̀ ló kù kó jó mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ìdí ẹ̀ dà?" Bàbá béèrè.

Wẹ́dà tọ́ka sí òkìtì àjákù irin. Èmi ni mo wá a rí nínú yanrìn, ìdí férémù náà, kò ju ìkúùkù àgbà lọ, kọ́ọ̀bù méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀. Bàbá tú ọ̀kan, ó tú èkejì. Òsì ni méjèèjì fi tú. Ó fi kẹrosíìnì wẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ó wé e sínú àkísà mímọ́, ó fi sínú àpò bùbá rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ ohun tó sọ. Ó ní, "Ohun tó wà lọ́wọ́ Màmá, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Kó máa fọwọ́ pa á. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀, nítorí òun ló máa jogún ẹ̀, irọ́ kì í ṣe ogún. Tí Màmá bá ti lọ, wàá mú irin yìí lọ fún Àǹtí, wàá sì sọ ọ́ fún un fúnra ẹ. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́."

Kò lé mi. Kò fìyà jẹ mí. Ọjọ́ kejì, ó gé òpó igi yẹn kúrú kí ọwọ́ mi lè tó o.

Mo fi iléèwé sílẹ̀ ní JS 2, ohun tí Bàbá kọ́ mi ni mo sì ń jẹ títí dòní. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn ọlọ́lá tó ń sáré láàárọ̀ Sátidé ló ń gbé tiwọn wá bá mi. Àwọn mìíràn ti ń wá férémù Faransé àtijọ́ kiri báyìí, wọ́n á fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù láti Kùtọnú: ṣé ojúlówó ni? Mo máa ń ní kí wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ kejì fún mi. Tí inú bá ń bí wọn, mo máa ń ní dúsìmáà. Nígbà míì, tí mo bá ń fi èékánná tọ oríkèé férémù lọ, ọwọ́ Bàbá ni mo máa ń rí, kì í ṣe tèmi. Ó padà sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ò rí sípókù mọ́, ibẹ̀ ló kú sí. Kó tó lọ, ó fi irin inú àkísà yẹn lé mi lọ́wọ́. Kò tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Màmá náà ti lọ báyìí. Nígbà tí mo gbọ́, mo mú irin náà sínú báàgì, mo lọ sí Awoyaya. Àǹtí ti sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Ẹnjiníà mi!" Ó pe ọmọ rẹ̀ jáde. Ọmọkùnrin náà gun báísíkù dúdú yẹn yọ láti ẹ̀yìn ilé, ó dúró gíga lórí pẹ́dàlì, ó ń ṣakọ.

"Ó ní òun máa sáré bíi bàbá mi," Àǹtí wí. "Mo ní kó kọ́kọ́ sáré lọ ra iyọ̀ fún mi ná." Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ wá rọ̀. "Màmá ò jẹ́ ká gbé báísíkù náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun títí tó fi kú. Ọlọ́run máa ṣe é fún ẹ, àbúrò mi."

Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ọmọ náà ní ṣéènì ń já lára rẹ̀. Mo bá kúnlẹ̀, mo gé e kúrú, mo fi gíríìsì sí i, mo tún bíréèkì rẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n ṣe é. Mo ṣe gbogbo ohun tó wà láti ṣe lára báísíkù yẹn títí kò fi ku nǹkan kan tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Àǹtí mú owó jáde, mi ò gbà. Ó fi lé mi lápò, mo yọ ọ́, mo dá a padà.

Ó gbàdúrà fún mi títí mo fi wọ bọ́ọ̀sì, irin inú àkísà náà ṣì wà nínú báàgì mi. Ó rò pé oore ni mo ṣe é.